Àrùn Òkun ní Ilẹ̀ Ọ̀dàn

Ìgbòho kì í ṣe ìlú etíkun. Nínú àwọn Aláàfin mẹ́rin tí wọ́n sùn sí Igbó Ọba, Ọ̀fínràn, Egúnojú, Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé, ikú bàbá yèyé, aláṣẹ èkejì òrìṣà, kò sí ọ̀kan tí ìtàn sọ fún wa pé ó fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn òkun rí. Ẹṣin ni wọ́n mọ̀, ọ̀dàn ni wọ́n mọ̀, Tápà àti Bàrìbá ni wọ́n bá jà tí wọ́n sì tún bá ṣọ̀rẹ́. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn ìlú náà yóò rí i pé òkun kò jìnnà sí i tó bí ó ti jọ lójú. Owó ẹyọ tí àwọn baba wa ná kí owó fàdákà tó dé, inú òkun ni a ti ń kó o, ní àwọn erékùṣù Maldives tí ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà, tí ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé e yí ayé ká kí ó tó gúnlẹ̀ sí èbúté Àgbádárìgì àti Wìdà; iyọ̀ òyìnbó, ẹja gbígbẹ àti edé, èrò etíkun ni ó ń rù wọ́n gòkè wá bá wa. Ohun tí òkun bí ni ọ̀dàn ń ná, òun náà ni ọ̀dàn sì fi ń sebẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí jẹ mọ́ ẹrù kan tí ó gba ọ̀nà kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò rà, tí ẹnikẹ́ni kò tà, tí oníbodè kankan kò sì rí owó bodè gbà lórí rẹ̀, èyí nì ni àrùn onígbáméjì.

Kí á tó tẹ̀ lé ẹrù náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ọ̀nà. Nígbà tí Tápà fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, tí Aláàfin Onígbógi sì sá wọ ilẹ̀ Bàrìbá lọ, ibi tí ìdílé ọba padà wá fìdí kalẹ̀ sí lẹ́yìn ìrìnkiri púpọ̀ ni Ìgbòho. Níbẹ̀ ni Ajíbóyèdé wà nígbà tí ó ṣẹ́gun Tápà tí ó sì dá ọdún Bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n sì mọ odi sí ní ìlọ́po mẹ́ta yí ìlú ká, nítorí ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Odi kò lè wà láìní ẹnubodè, ẹnubodè kò sì lè wà láìní ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Oyè Ọ̀nà-Oníbodè tí ó wà ní Ìgbòho títí di òní olónìí kò jẹ́ kí á gbàgbé pé ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà, àti jíjẹ àti mímu rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tí ń kọjá. Àní nígbà tí Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ gbéra láti Àgbádárìgì ní 1830, tí wọ́n ń wá ibi tí odò Ọya gbé ń ṣàn wọ òkun, Ìgbòho ni wọ́n gbà kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n sì kọ orúkọ ìlú náà sílẹ̀ ní Bohoo bí etí àjèjì ti gbọ́ ọ. Ọ̀nà láti òkun dé Ìgbòho ti wà tipẹ́ kí ọkọ̀ tó dé, ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó sì là á.

Àrùn tí à ń wí yìí, ọmọ omi iyọ̀ ni. Kòkòrò tí ń fà á, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Vibrio cholerae, fẹ́ràn ibi tí odò gbé ń pàdé òkun, níbi tí omi kò dùn tán tí kò sì mú tán. Ara àwọn ẹ̀dá omi tíntìntín tí wọ́n jẹ́ ìbátan edé ni ó ń lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni ó ń gbé yálà ènìyàn ń ṣàìsàn tàbí ara gbogbo wọ́n le. Rita Colwell, obìnrin onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, ni ó lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láti fi èyí hàn, ní ọ̀sà Chesapeake ní ìlú tirẹ̀ àti ní Bangladesh. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ àwọn obìnrin abúlé ní Bangladesh pé kí wọ́n ṣẹ́ ògbólógbòó aṣọ sárì po, kí wọ́n fi sẹ́ omi tí wọ́n pọn lódò kí wọ́n tó mu ún, nítorí pé bí a bá ti sẹ́ àwọn ẹ̀dá tíntìntín náà kúrò, ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ó gùn wọ́n ti bá wọn lọ. Àṣà kékeré yìí dín àrùn náà kù tó ìdajì ní àwọn abúlé náà.

Kì í sì í ṣe òun nìkan ni òkun bí. Ní ìlú Osaka ní ilẹ̀ Japan ní 1950, àwọn ènìyàn 272 ṣàìsàn, 20 nínú wọn sì kú, nítorí ẹja wẹ́wẹ́ tí wọn kò sá gbẹ dáadáa tí wọ́n jẹ; nínú rẹ̀ ni Tsunesaburo Fujino ti rí ìbátan kòkòrò yìí kan. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé ojú egbò ni ó ń gbà wọlé sára ẹni tí ó bá wọ omi òkun tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tàbí tí ó ń bá ẹran inú ìkarahun òkun tí a jẹ ní tútù wọlé. Ó pa lára àwọn tí omíyalé ìjì Katrina bá ní Amẹ́ríkà ní 2005. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kì í sábà rìn jìnnà sí òkun. Onígbáméjì nìkan ni ó kọ́ ọgbọ́n àtigun ènìyàn bí ẹni gun ẹṣin, tí ó sì ń dé ibi tí òkun kò lè dé láéláé.

Ẹnu odò Ganges, ní ilẹ̀ Bengal, ni ilé rẹ̀ àtijọ́. Láti 1817 ni ó ti ń jáde níbẹ̀, tí ó ń bá ọkọ̀ ojú omi, ọmọ ogun àti àwọn tí ń lọ sí ibi mímọ́ rìn, ìgbà mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sì jà káàkiri ayé kí ó tó kan ìgbà tiwa. Ó bá Senegal àti Gambia jà ní 1868 sí 1869. Láyé ìgbà náà, afẹ́fẹ́ burúkú ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó gbà pé ó ń fà á, wọ́n ń sun nǹkan olóòórùn, wọ́n ń ti fèrèsé. Ní 1854 ni Dókítà John Snow ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò Broad Street, tí ó ń béèrè ibi tí olúkúlùkù tí ó kú ti pọn omi, títí ó fi rí i pé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ikú náà dà rọ́ọ́ sí. Ọdún náà gan-an ni Filippo Pacini rí kòkòrò náà ní Florence tí ẹnikẹ́ni kò kọbi ara sí i, àfi ìgbà tí Robert Koch, ará Jámánì, tún un rí ní Íjíbítì àti ní Calcutta ní 1883 sí 1884.

Kò yẹ kí irú ìwádìí báyìí ya ọmọ Ìgbòho lẹ́nu, nítorí Aláàfin Abípa ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí Abípa ní òun yóò kó ààfin padà sí Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn ìjòyè tí wọn kò fẹ́ kúrò ní Ìgbòho kó abuké, àfín àti arọ jọ, wọ́n rán wọn ṣáájú lọ sí orí òkè ní Ọ̀yọ́ Ilé pé kí wọ́n máa tan iná lóru kí wọ́n sì máa ké bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba ọba. Ìròyìn dé pé àwọn iwin ti gba ìlú. Abípa kò sá. Àwọn ọdẹ ni ó rán pé kí wọ́n lọ wò ó, àwọn ọdẹ sì yí òkè ká, wọ́n mú àwọn iwin lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bá a pé ènìyàn ni gbogbo wọn, olórúkọ, onílé, tí ẹnì kan rán wá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀. Bákan náà ni Dókítà Ògúntọ́lá Sápará ṣe ní Èkó ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn abọ̀rìṣà Ṣọ̀pọ̀nná lọ láti mọ bí Ilẹ̀-gbígbóná ṣe ń ti ọwọ́ ènìyàn ràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọ̀nà àrùn gbọ́dọ̀ ṣe bí ọdẹ Abípa: kí ó lọ síbẹ̀, kí ó ka orí àwọn tí ó kú, kí ó sì bi àwọn tí ó kù ní ìbéèrè.

Ìgbà keje tí àrùn náà jáde ni ó wá kàn wá. Ní 1961, irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní El Tor gbéra ní erékùṣù Sulawesi ní Indonesia, ó la ilẹ̀ Éṣíà kọjá, nígbà tí ó sì di oṣù August 1970, ó ti bọ́ sí Guinea. Ìjọba ibẹ̀ kò fẹ́ kí ayé gbọ́, ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde rẹ̀ láìdúró de àṣẹ wọn. Láti Guinea, etíkun ni ó tẹ̀ lé: Sierra Leone, Liberia, Ivory Coast, Gánà, Tógò, Dàhọ̀mì. Àwọn apẹja tí ń wa ọkọ̀ láti èbúté dé èbúté, tí wọ́n ń sùn sí àgọ́ létí ọ̀sà, tí wọ́n sì ń gbé òkú wọn lọ sin sílé, ni wọ́n gbé e rìn láìmọ̀. Ní ìparí oṣù December 1970 ó dé agbègbè Èkó. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní January ọdún náà ni. Ọdún kan náà ni a sì rí ẹni ìkẹyìn tí Ṣọ̀pọ̀nná mú ní Nàìjíríà. Bí àlejò kan ti ń di ẹrù rẹ̀ jáde lẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn ń kan ilẹ̀kùn iwájú.

Ohun tí ìjọba gbogbo kọ́kọ́ sáré sí ni bodè. Wọ́n ti ẹnu ààlà, wọ́n yẹ ẹrù wò, wọ́n sì ní kò sí ẹni tí yóò kọjá bí kò bá mú ìwé abẹ́rẹ́ onígbáméjì lọ́wọ́. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n kò ràn án. Abẹ́rẹ́ ìgbà náà kò ju kí ó dáàbò bo bí ìdajì àwọn tí ó gbà á, àbò náà kò sì ju oṣù mẹ́fà lọ. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí El Tor wọ̀ lára kì í mọ̀ rárá. Inú kì í run wọ́n, wọn kì í bì, wọ́n ń jẹ wọ́n ń mu, wọ́n ń nájà, kòkòrò náà sì ń bá ìgbọ̀nsẹ̀ wọn jáde fún ọjọ́ mélòó kan. Oníbodè wo ni yóò dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ lára èrò ọjà? Ní 1973, Àpéjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ yọ ìwé abẹ́rẹ́ náà kúrò nínú ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ arìnrìn-àjò.

Nígbà tí ó wọ Èkó tán, kò pẹ́ kí ó tó rí ọ̀nà òkè. Ní 1971 ó bú jáde ní Ìbàdàn, nínú àwọn agboolé tí ó fún mọ́ra tí kànga àti ṣáláńgá kò jìnnà síra. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kó iṣu àti gaàrí láti Òkè Ògùn, agbègbè tí Ìgbòho wà, sọ̀ kalẹ̀, kì í padà ní òfìfo, ọ̀nà ìlà oòrùn Dàhọ̀mì, tí a ń pè ní Benin lónìí, kò sì ju ìrìn kékeré lọ sí Ṣakí. Èrò tí ó bá wá sí ọjà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wálé fún ìsinmi, ẹbí tí ó bá gbé òkú wálé láti sin, kò sí èyí tí ìlú lè ti ilẹ̀kùn mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kù sí ni ohun tí àrùn náà yóò bá nígbà tí ó bá dé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀.

Ẹnu tí ògiri wa là ni ẹnu kànga. Ilẹ̀ Òkè Ògùn, àpáta ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Omi tí à ń rí gbẹ́, inú erùpẹ̀ díẹ̀ tí ó bo àpáta náà lórí àti inú ibi tí àpáta gbé sán ni ó ń fara pamọ́ sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kànga a gbẹ, odò a fà, àdúgbò mẹ́ta mẹ́rin a sì kó korobá jọ sídìí omi kan ṣoṣo, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá bà á jẹ́, gbogbo wọn ni yóò mu ún. Nígbà òjò, omi a pọ̀, ṣùgbọ́n àgbàrá a gbá ìdọ̀tí ẹ̀yìnkùlé àti ti inú igbó tí àwọn ènìyàn ń yà sí lọ sínú kànga tí kò ní ẹnu gíga tí kò sì ní ìdérí. Omi kò lọ́tàá, àwọn àgbà ni wọ́n wí bẹ́ẹ̀; nítorí pé kò lọ́tàá náà sì ni kì í fi í kọ ohunkóhun tí a bá dà sínú rẹ̀.

Àrùn náà kì í fi àkókò ṣòfò. Kòkòrò náà a lẹ̀ mọ́ ìfun kékeré, a pọ oró rẹ̀ síbẹ̀, ìfun a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi àti iyọ̀ ara dànù. Ohun tí ń jáde lára àgbàlagbà lè tó lítà kan ní wákàtí kan, tí ẹni tí ó jí pẹ̀lú ìlera ní òwúrọ̀ fi lè di òkú kí oòrùn tó wọ̀. Ìdí nìyí tí ìwòsàn rẹ̀ fi jẹ́ dídá omi àti iyọ̀ padà. Ní 1960, Robert Crane ṣàlàyé pé ṣúgà ni ó ń fa iyọ̀ gba inú ìfun wọlé sára, tí omi a sì tẹ̀ lé wọn. Ní 1968 àwọn dókítà ní Dhaka fi í wo aláìsàn onígbáméjì. Ní 1971, nígbà ogun Bangladesh, Dókítà Dilip Mahalanabis fi iyọ̀ àti ṣúgà tí a pò mọ́ omi gba ẹ̀mí àwọn tí ogun lé wá sí Bangaon là nígbà tí omi abẹ́rẹ́ tán nílẹ̀. Tiwa náà dé lásìkò Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985, nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ní ilé ìwòsàn gbogbo pé kí wọ́n bu ṣíbí kékeré 10 ṣúgà àti ṣíbí kékeré 1 iyọ̀, tí orí wọn tẹ́jú, sínú ìgò bíà kan tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì omi tí ó mọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà ni ó mọ ìwọ̀n yìí sórí.

Ẹ wá wo ohun tí ìṣirò ń sọ. Ní 1971, àwọn ènìyàn 22,931 ni a kọ sílẹ̀ pé àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 2,945 nínú wọn sì kú. Ní 1991 ó mú 59,478, ó pa 7,654. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, bí mẹ́tàlá ni ó ń kú ní ìgbà méjèèjì. Ní 2010 ó mú 41,787, ó pa 1,716. Ní 2021, a fura sí i lára 111,062, àwọn 3,604 sì kú, èyí tí kò ju bí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí a tilẹ̀ rántí pé ènìyàn ti pọ̀ sí i ní ìlọ́po ìlọ́po láàárín àádọ́ta ọdún, ohun tí ó hàn ni pé a ti kọ́ bí a ṣe ń gba aláìsàn lọ́wọ́ ikú, ṣùgbọ́n a kò tíì kọ́ bí a ṣe ń gba omi lọ́wọ́ ìgbọ̀nsẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí ìyà náà sì pọ̀ sí jù ní 2021 ni Bauchi, Jigawa, Kano àti Zamfara, ilẹ̀ ọ̀dàn bíi tiwa, tí wọ́n jìnnà sí òkun jù wá lọ. Ohun tí ó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe.

Ní 2017, àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ àbùdá kòkòrò náà wò, láti inú àwọn èyí tí a ti kó pamọ́ káàkiri Áfíríkà láti 1970, tẹ àbájáde wọn jáde. Wọ́n rí i pé, ó kéré tán, ìgbà mọ́kànlá ni àrùn náà ti wọ Áfíríkà láti ìgbà náà, àti pé Éṣíà ni ó ti ń wá. Òkun tiwa kọ́ ni ó ń tún un bí lọ́dọọdún. Ènìyàn ni ó ń gbé e wá, ènìyàn ni ó sì ń gbé e kiri, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọdẹ ṣe bá a lórí òkè pé ènìyàn ni iwin.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí ní fún ìlú ọlọ́nà bí Ìgbòho kò pamọ́. Odi mẹ́ta lè dá ẹṣin Tápà dúró. Kò lè dá àrùn tí ó wà nínú ìfun ọ̀rẹ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí á máa fi ojú burúkú wo àlejò nítorí rẹ̀, nítorí ìlú tí ó bá lé àlejò ti lé ọjà rẹ̀. Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ohun tí onílé lè ṣe kò ju agbára wa lọ: kí ẹnu kànga ga, kí ó ní ìdérí àti korobá kan ṣoṣo tí a kò ń gbé sílẹ̀, kí ṣáláńgá jìnnà sí i, kí ó sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a se omi tàbí kí a fi kúlórìn sí i nígbà tí ìròyìn bá dún, kí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣu omi funfun bí omi ìrẹsì di ẹni tí a gbé lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí a sì ròyìn rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láìtijú, nítorí ìtìjú Guinea ní 1970 ni ó fún àrùn náà láyè láti gbéra. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òkun yóò máa fi iyọ̀, ẹja àti edé ránṣẹ́ sí wa títí ayé. Èyí tí ó bá fi ránṣẹ́ láìpè, ọwọ́ ẹni tí ó ni kànga ni ó wà láti kọ̀ ọ́.